Áńtíbọ́dì PKM2: àkọsílẹ̀ bí a ṣe dán an wò kó tó kan kókó jẹjẹrẹ

Ìlà kan ló dá gbogbo iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ó dúró sí ìwọ̀n 58 kDa (bí a ṣe ń sọ ìwúwo purotéènì) lórí àwòrán western blot, níbi tí jẹ́ẹ̀lì ti ń to purotéènì gẹ́gẹ́ bí ìwúwo wọn, tí áńtíbọ́dì, purotéènì tó ń di ohun kan pàtó mú, sì ń fi ohun tó mú hàn bí ìlà; ó dúdú, ó gún régé, ìwé tó bá áńtíbọ́dì náà wá sì sọ pé PKM2 ni, ẹ́ńsáìmù kan tó pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ PKM1, tí inú jíìnì kan náà ti ń jáde, wúwo bákan náà, ojú ibi kan náà ló sì ń dúró sí. Ẹni tó bá ń fi ojú wo ìlà nìkan kò lè sọ èwo ni èwo.

Láàbù wa fẹ́ fi áńtíbọ́dì yìí wo ẹran ara tí wọ́n gé lára kókó jẹjẹrẹ. A pinnu pé kò ní kan sìláìdì kankan títí yóò fi yege nínú àdánwò tí àwa fúnra wa máa kọ́ fún un. Bí a ṣe kọ́ àdánwò náà, ibi tó ti dí wa lọ́wọ́ àti ohun tí a yí padà ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Ẹ́ńsáìmù tí à ń wá

Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ni gúlúkóòsì ń là kọjá nínú sẹ́ẹ̀lì kó tó di pyruvate. Pyruvate kinase ló ń ṣe èyí tó kẹ́yìn: ó ń já fọ́sféètì gbà lára phosphoenolpyruvate, ó ń gbé e fún ADP, ATP àti pyruvate á sì jáde. Oríṣi mẹ́rin ẹ́ńsáìmù yìí ló wà lára ènìyàn. Jíìnì PKLR ló ń pèsè L, tó wà nínú ẹ̀dọ̀, àti R, tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Jíìnì PKM, tó wà lórí kírómósómù 15, ló ń pèsè M1 àti M2. M1 ló pọ̀ jù nínú iṣan àti nínú ọpọlọ. M2 ló pọ̀ nínú ọlẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó ń pín, àti nínú jẹjẹrẹ.

Láti àwọn ọdún 1920 ni Otto Warburg, onímọ̀ ará Jámánì, ti kíyè sí i pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń sọ gúlúkóòsì rẹpẹtẹ di lactate, kódà níbi tí ọ́síjìn ti pọ̀ tó. Ní 2008, Heather Christofk àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mú M2 kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n fi M1 dípò rẹ̀. Lactate tó ń jáde dínkù, agbára sẹ́ẹ̀lì náà láti hu kókó lára èkúté sì dínkù. Láti ìgbà náà ni áńtíbọ́dì PKM2 ti di ohun tí ọ̀pọ̀ láàbù ń wá kiri.

Ọ̀rọ̀ náà kò wá lọ tààrà bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ní 2011, àwọn olùwádìí kan fi mass spectrometry (ẹ̀rọ tó ń fi ìwúwo dá purotéènì mọ̀) ka iye M1 àti M2 nínú kókó jẹjẹrẹ àti nínú ẹran ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò ní jẹjẹrẹ, wọ́n sì rí i pé M2 ti pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹran ara aláìlárùn pẹ̀lú. Ní 2013, àwọn mìíràn yọ M2 nìkan kúrò lára èkúté tí jẹjẹrẹ ọmú máa ń hù lára rẹ̀, kókó ṣì hù. Irú àríyànjiyàn báyìí kò lè parí bí ohun èlò tí a fi ń wá M2 bá ń mú M1 mọ́ ọn. Èmi ò sọ pé áńtíbọ́dì ló dá àríyànjiyàn náà sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí tiwa dá kún un.

Níbo wá ni M1 àti M2 ti yàtọ̀? Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń gé RNA jíìnì PKM tó sì ń so ó pọ̀, ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú exon 9 àti exon 10 (exon ni apá jíìnì tó ń kù lẹ́yìn gígé), kó ju èkejì nù. Exon 9 ló ń di M1, exon 10 ló ń di M2. Lẹ́tà 167 ló wà nínú ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ìdí nìyẹn tí purotéènì méjèèjì fi gùn dọ́gba: ásíìdì amínò 531. Nínú gbogbo 531 yìí, 22 péré ló yàtọ̀. Áńtíbọ́dì tó bá máa dá M2 mọ̀ gbọ́dọ̀ di apá kékeré yẹn mú, kó má sì kan ibòmíràn.

Ohun tó wà nínú ike

Áńtíbọ́dì ehoro ni tiwa, monoclonal, ìyẹn ni pé oríṣi kan ṣoṣo ló wà nínú ike. Pẹ́pítáìdì (ègé kékeré purotéènì) tí wọ́n ṣe láti apá exon 10 ni wọ́n fi gún ehoro náà. Èyí dára, torí ó túmọ̀ sí pé ibi tó yẹ ni wọ́n dojú kọ. Ìwé rẹ̀ ní ó bá western blot mu, ó bá sìláìdì mu, ó bá iná fluorescence mu. Àwòrán tó wà nínú ìwé náà gbé sẹ́ẹ̀lì HeLa, A549 (sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ènìyàn tí à ń tọ́ nínú àwo ni méjèèjì) àti sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan sí i kalẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan lábẹ́ wọn.

Gbogbo sẹ́ẹ̀lì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní M2 dẹ́nu. Kò sí ọ̀kan tí kò ní in. Àwòrán tí gbogbo ọ̀nà inú rẹ̀ (ibi tí àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan ti sáré lórí jẹ́ẹ̀lì) ní ìlà kò jẹ́rìí ohunkóhun ju pé áńtíbọ́dì náà ń di nǹkan mú ní 58 kDa. A kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á, a béèrè bóyá wọ́n ti dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti yọ M2 kúrò nínú rẹ̀. Àwòrán kan náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ padà.

Kíkó àwọn ẹlẹ́rìí jọ

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ní 2016, Mathias Uhlén àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sínú Nature Methods, wọ́n to ọ̀nà márùn-ún tí a lè gbà jẹ́rìí sí áńtíbọ́dì: kí a yọ jíìnì rẹ̀ kúrò, kí a fi ọ̀nà tí kò lo áńtíbọ́dì rárá wọn ohun kan náà, kí a fi áńtíbọ́dì mìíràn tó ń di ibòmíràn mú wé e, kí a ṣe purotéènì náà pẹ̀lú àmì lára, tàbí kí a fi áńtíbọ́dì fa purotéènì jáde, kí mass spectrometry sọ ohun tó fà. A mú mẹ́rin àkọ́kọ́. Ìkarùn-ún ń béèrè ẹ̀rọ tí a ò ní.

Sẹ́ẹ̀lì HeLa àti A549 ni ẹlẹ́rìí pé M2 wà. Iṣan ẹsẹ̀ èkúté ni ẹlẹ́rìí M1. PKM2 ti èkúté àti ti ènìyàn jọra gan-an, nítorí náà bí áńtíbọ́dì bá mú ti ènìyàn, ó yẹ kó mú ti èkúté. Torí pé ti ehoro ni áńtíbọ́dì náà, áńtíbọ́dì kejì tó ń wá ti ehoro (èyí tó ń di àkọ́kọ́ mú kí a lè rí i) kò ní máa lẹ̀ mọ́ áńtíbọ́dì inú ẹ̀jẹ̀ èkúté fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo áńtíbọ́dì èkúté lórí ẹran èkúté mọ wàhálà tí mò ń sọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni C2C12, sẹ́ẹ̀lì iṣan èkúté tí kò tíì gbó. Tí a bá ń fún un ní sẹ́rọ́ọ̀mù (omi inú ẹ̀jẹ̀) 10%, á máa pín, M2 ló sì máa ní. Tí a bá dín in kù sí sẹ́rọ́ọ̀mù ẹṣin 2%, á dáwọ́ pínpín dúró, àwọn sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í so pọ̀ di okùn gígùn, M1 á sì máa gòkè. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì kan náà ni, àwo kan náà, ọ̀nà kan náà ni a gbà fà á jáde. Bí ìlà bá yí padà, a mọ̀ pé kì í ṣe torí pé iṣan le ju sẹ́ẹ̀lì àwo lọ ni. M2 kò tán pátápátá nínú rẹ̀ ṣá, torí kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ń gbà láti di iṣan, nítorí náà ẹlẹ́rìí ìyípadà ni, kì í ṣe ẹlẹ́rìí àìsí.

Ẹlẹ́rìí àìsí ni A549 tí a fi CRISPR, ohun èlò tó ń gé DNA níbi tí a bá yàn, gé exon 10 kúrò nínú rẹ̀. Kíkọ́ èyí ló pẹ́ jù. Sẹ́ẹ̀lì A549 kì í ní ẹ̀dà kírómósómù méjì géérégé bíi ti ènìyàn, ẹ̀dà kan tó bá ṣẹ́kù láìgé ti tó láti ba ẹ̀rí jẹ́. A ní láti dá sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sí ihò tirẹ̀, kí á jẹ́ kó pọ̀, kí á ka DNA rẹ̀, ká tó mọ àwọn tó gé pátápátá.

Ìkẹyìn ni PKM1 àti PKM2 tí a jẹ́ kí E. coli ṣe fún wa, pẹ̀lú àmì histidine mẹ́fà lára wọn kí a lè fà wọ́n mọ́. E. coli ní pyruvate kinase tirẹ̀, nítorí náà a tún fi omi E. coli tí kò gbé jíìnì wa kankan kún un, kí a má baà máa ka ti baktéríà mọ́ ti ènìyàn.

Ìlà tó ní ihò láàárín

Blot àkọ́kọ́ jẹ́ bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe é: omi RIPA láti fọ́ sẹ́ẹ̀lì, 20 µg purotéènì nínú ihò kọ̀ọ̀kan, jẹ́ẹ̀lì 10%, mẹ́ḿbíréènì PVDF tí a ń gbé purotéènì lé láti orí jẹ́ẹ̀lì, wàrà 5% láti dí àyè, áńtíbọ́dì ní àbùlà 1:1000 di ọjọ́ kejì ní 4°C, lẹ́yìn náà áńtíbọ́dì kejì tó gbé ẹ́ńsáìmù HRP dání, lẹ́yìn náà ECL, omi tí HRP ń jó láti fi tan ìmọ́lẹ̀.

Ohun tó jáde lórí kọ̀ǹpútà yani lẹ́nu. Ọ̀nà HeLa àti A549 kò dúdú. Funfun ni wọ́n láàárín, etí wọn nìkan ló dúdú, bíi pé ẹnì kan fi rọ́bà pa inú ìlà náà rẹ́. Ọ̀nà iṣan, tí ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ló ní ìlà kékeré tó ṣe rẹ́múrẹ́mú. Tí ẹ bá fi àwòrán yẹn ka iye, ẹ̀rọ á sọ pé iṣan ní M2 ju HeLa lọ.

A gbé mẹ́ḿbíréènì náà sábẹ́ iná lásán, a wò ó. Ní ibi tí àwòrán ti funfun, àmì àwọ̀ ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ojú lè rí láìlo kámẹ́rà. Àmì yẹn ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. PKM2 wà lára àwọn purotéènì tó pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Áńtíbọ́dì rọ́ lé e, HRP rọ́ lé áńtíbọ́dì, ECL tó wà níbẹ̀ jó tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kí kámẹ́rà tó ṣí ojú, ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn jíjó náà ló sì dúró sójú mẹ́ḿbíréènì. Ìmọ́lẹ̀ ti kú níbi tí purotéènì pọ̀ sí jù.

Nítorí náà a kò fi wàrà tàbí fífọ̀ tún un ṣe. Bíbu là ni oògùn rẹ̀. A to HeLa láti 20 µg wá sílẹ̀ sí 10, sí 5, sí 2.5, sí 1.25. A pín mẹ́ḿbíréènì, a fi áńtíbọ́dì 1:1000, 1:5000 àti 1:10,000 sí apá kọ̀ọ̀kan, a sì bu áńtíbọ́dì kejì là sí 1:20,000. Ní 1:1000, ọ̀nà 10 µg àti 5 µg dà bákan náà, ó ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ní 1:10,000, nígbà tí purotéènì bá lọ sí ìdajì, ìmọ́lẹ̀ náà lọ sí bí ìdajì láti 5 µg sílẹ̀. Ibẹ̀ la dúró sí: 5 µg, 1:10,000. Ìwé olùtà ní 1:1000. Fún purotéènì tó ṣọ̀wọ́n, ìmọ̀ràn yẹn lè dára. Fún ẹ́ńsáìmù tó pọ̀ bí èyí, mi ò mọ ẹni tó lè ka iye lórí rẹ̀.

Nígbà tí a tún un ṣe, HeLa àti A549 dúdú dáadáa, C2C12 tó ń pín dúdú, C2C12 tó ti di okùn rẹlẹ̀ gidigidi. Ìlà iṣan ṣì wà, tín-ín-rín. Mà á padà sórí rẹ̀.

Kí ni a máa fi ṣe òdiwọ̀n?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí ẹ́ńsáìmù oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣubú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Kí a tó lè sọ pé M2 pọ̀ nínú ọ̀nà kan ju òmíràn lọ, a gbọ́dọ̀ fi hàn pé iye purotéènì tí a dà sínú wọn dọ́gba. Àṣà ni pé kí a wá purotéènì kan tí kì í yí padà.

GAPDH ló kọ́kọ́ wá sọ́kàn gbogbo ènìyàn, ó rọrùn, 37 kDa ni, ó jìnnà sí 58. Ṣùgbọ́n GAPDH fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ́ńsáìmù glycolysis, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá gúlúkóòsì tí mo sọ lókè. Ohun tó ń yí pyruvate kinase padà lè yí òun náà padà, ó sì máa ń gòkè nígbà tí ọ́síjìn bá ṣọ̀wọ́n. Láti fi í ṣe òdiwọ̀n nínú iṣẹ́ yìí dà bí kí a fi ẹnì kan nínú àwọn olùjẹ́jọ́ ṣe adájọ́. Tubulin? Ó ń dúró láàárín 50 sí 55 kDa, ó sún mọ́ PKM2 jù. Tí jẹ́ẹ̀lì kò bá sáré jìnnà, ìlà méjèèjì á fẹnu kora. β-actin ní 42 kDa dára láàárín sẹ́ẹ̀lì àwo, àmọ́ iṣan àgbàlagbà ní actin tirẹ̀, β-actin kéré níbẹ̀. Ẹni tó bá fi β-actin wọn iṣan mọ́ HeLa á máa rò pé òun ò da purotéènì síbẹ̀ tó.

A pa gbogbo wọn tì. Ponceau S, àwọ̀ pupa tó ń mú gbogbo purotéènì, ni a fi ń kun mẹ́ḿbíréènì lẹ́yìn gbígbé purotéènì sórí rẹ̀, a ya àwòrán rẹ̀, a sì ń ka àpapọ̀ àwọ̀ pupa nínú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò lẹ́wà tó ìlà actin. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ́ńsáìmù kan tó lè dá yí i padà.

Ìgbà tí exon 10 kò sí mọ́

A fi A549 lásán àti A549 tí kò ní exon 10 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí jẹ́ẹ̀lì kan, a tún un ṣe lórí jẹ́ẹ̀lì kejì. Ọ̀kan gba áńtíbọ́dì M2 tí à ń dán wò, èkejì gba áńtíbọ́dì mìíràn tó wà fún M1.

Lórí ti M2, ìlà A549 lásán wà, ti èyí tí a gé kò sí níbẹ̀ mọ́ rárá. A fi àkókò pípẹ́ ya àwòrán rẹ̀ títí ojú ilẹ̀ mẹ́ḿbíréènì fi dúdú, ìlà kò yọ. Lórí ti M1 ni ohun tó dùn mọ́ mi jù wà: A549 lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, èyí tí a gé sì ní ìlà tó dúdú, ní 58 kDa, ojú ibi kan náà gan-an. Nígbà tí exon 10 kò sí fún sẹ́ẹ̀lì láti mú mọ́, exon 9 ló mú. Tí áńtíbọ́dì wa bá ń mú M1 mọ́ M2, ìlà ìbá wà nínú àwòrán méjèèjì, à bá sì máa sọ pé CRISPR kò ṣiṣẹ́.

RNA náà gbè é lẹ́yìn. PstI, ẹ́ńsáìmù tó ń gé DNA, ní ibi tó ń gé sí nínú exon 10, kò ní in nínú exon 9. A sọ RNA náà di DNA, a fi PCR (ọ̀nà tí a fi ń sọ DNA di púpọ̀) mú apá láti exon 8 dé exon 11, a da PstI sí i. Ti A549 lásán gé sí méjì, ti sẹ́ẹ̀lì tí a gé dúró gbọnin láìgé. Ọ̀nà yìí kò lo áńtíbọ́dì kankan, ohun tí áńtíbọ́dì sọ ló sì sọ.

A tún fi siRNA, RNA kékeré tó ń pa RNA jíìnì kan run, dán an wò, fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a ò lè fi CRISPR gé. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní sùúrù. RNA máa ń lọ sílẹ̀ kíákíá, purotéènì PKM2 kì í tètè tán. Ní wákàtí 24, ìlà ṣì wà bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á sọ pé áńtíbọ́dì ló burú. Láti wákàtí 72 lọ ni ìlà náà ń sọ òótọ́.

Ìlà tín-ín-rín inú iṣan

Ìlà iṣan yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ọ̀nà méjì ló ṣeé ṣe kó gbà débẹ̀. Bóyá áńtíbọ́dì ń di M1 mú díẹ̀, tí iṣan sì ní M1 tó pọ̀ débi pé díẹ̀ yẹn hàn. Tàbí kó jẹ́ pé M2 gidi wà nínú iṣan, láti ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe iṣan. Lórí blot, àwọn méjèèjì jọ ara wọn délẹ̀délẹ̀, nítorí pé a ti lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Purotéènì tí E. coli ṣe ló dáhùn ìdajì. A da PKM1 àti PKM2 sí jẹ́ẹ̀lì ní ìwọ̀n kan náà, a sì ń fi kún PKM1 títí ó fi ju PKM2 lọ fíìfíì. PKM2 yọ ní ìwọ̀n tó kéré jù lọ. Ọ̀nà PKM1 kò ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni Ponceau fi hàn pé ó wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Omi E. coli lásán náà ṣófo. Áńtíbọ́dì kì í ṣe olè nígbà náà. Ìdajì tó kù dúró títí a fi dé orí sìláìdì.

Sìláìdì

Èyí tó yege lórí blot lè kùnà lórí sìláìdì. Lórí blot, SDS (ọṣẹ tó ń tú purotéènì) ti na purotéènì tán, pẹ́pítáìdì tí wọ́n fi gún ehoro wà ní gbangba. Lórí ẹran ara tó ti wọ fọ́málínì tó sì dì sínú ìda páráfínì, purotéènì ti so mọ́ ara wọn, apá tí à ń wá lè wà lábẹ́ nǹkan. Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí lákọ̀tun.

A kó A549 lásán àti A549 tí a gé, a fọ́málínì wọn, a dì wọ́n sínú agarose díẹ̀ kí wọ́n má tú ká, a sọ wọ́n di páráfínì bíi ti ẹran ara gẹ́lẹ́, a sì gé wọn ní 4 µm. Sìláìdì kan gbé méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Gbogbo ìgbà tí a bá ń kun kókó jẹjẹrẹ ni sìláìdì yìí ń bá a lọ, kò sí èyí tí a ń kà láìsí i.

Bọ́fà tí a fi ń se é, kí apá tó fara pamọ́ lè yọ, ló mú ìyàtọ̀ wá. Citrate pH 6.0 jẹ́ kí A549 lásán ràn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá a mọ̀ sí èyí tí a gé. Tris-EDTA pH 9.0 jẹ́ kó dúdú kedere nínú cytoplasm (omi inú sẹ́ẹ̀lì), àmọ́ ìkùukùu àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ bo sẹ́ẹ̀lì tí a gé pẹ̀lú. Ìkùukùu yẹn kò lè jẹ́ M2, kò sí M2 níbẹ̀. A fi hydrogen peroxide 3% pa peroxidase tí sẹ́ẹ̀lì ní fúnra rẹ̀, díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. A bu áńtíbọ́dì là sí i, ìyókù lọ. Láìsí sẹ́ẹ̀lì tí a gé níwájú wa, à bá ti ka ìkùukùu yẹn sí M2 tó kéré, à bá sì ti fún un ní máàkì.

Lẹ́yìn náà ni a kun iṣan èkúté. Okùn iṣan funfun báláú. Láàárín wọn, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ gbà kọjá àti níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń di okùn pọ̀ wà, àwọ̀ ilẹ̀ tò gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́, sẹ́ẹ̀lì kan níbí, méjì lọ́hùn-ún. Ìlà tín-ín-rín inú blot rí ilé rẹ̀. M2 gidi ni.

Èyí ló wá yí bí a ṣe máa ka kókó jẹjẹrẹ padà. Kókó kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nìkan. Fibroblast, sẹ́ẹ̀lì tó ń so ẹran ara pọ̀, wà nínú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ ara wà nínú rẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló lè ní M2. Bí a bá lọ gbogbo kókó pọ̀ fún blot, a ò mọ ta ni a ń kà. Nítorí náà ẹni tó mọ ẹran ara í kà ló ń yan sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lórí sìláìdì kó tó fún un ní máàkì, láìmọ aláìsàn tó ni ín. A kò gbà kí ẹ̀rọ ka dúdú DAB, àwọ̀ ilẹ̀ tí HRP ń fi sílẹ̀ lórí sìláìdì, kó sì sọ ọ́ di iye purotéènì. Àwọ̀ DAB kì í gòkè ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú purotéènì. Èyí tó dúdú ní ìlọ́po méjì kò ní M2 ìlọ́po méjì. Kò sí, díẹ̀, púpọ̀: ibẹ̀ la mọ.

Ìtọ́jú

A pín áńtíbọ́dì sí ike kéékèèké ní −20°C, nínú glycerol tó bá a wá, nínú fírísà tí kì í fúnra rẹ̀ yọ yìnyín. Bọ́fà tó ní sodium azide kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí HRP wà, azide máa ń pa á. Nọ́ńbà lot (àwọn tí wọ́n ṣe papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) wà lára ike kọ̀ọ̀kan àti nínú gbogbo àwòrán. Nígbà tí lot tuntun bá dé, á kọ́kọ́ bá ti àtijọ́ dúró lórí jẹ́ẹ̀lì kan náà: A549 lásán, A549 tí a gé, iṣan, PKM1 àti PKM2 láti E. coli. Monoclonal ni o, mo mọ̀, kò yẹ kó yàtọ̀. Àmọ́ ẹni tó dì í, tó bù ú là, tó kó o ránṣẹ́ lè yàtọ̀.

Ibi tí áńtíbọ́dì kò lè dé

Ohun tí áńtíbọ́dì yìí ń sọ báyìí ṣeé gbà gbọ́: M2 wà níbí, M1 kọ́. Kò sọ bóyá M2 náà ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn sì ni ọ̀ràn jẹjẹrẹ gan-an. Nígbà tí PKM2 mẹ́rin bá so pọ̀, ó ń yára ṣiṣẹ́. Fructose-1,6-bisphosphate ló ń ràn án lọ́wọ́ láti so pọ̀. Nígbà tó bá wà ní méjì méjì, ọwọ́ rẹ̀ á falẹ̀, àwọn ohun tó wà lókè ọ̀nà glycolysis á dúró pọ̀ síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì rí wọn lò láti fi kọ́ serine àti àwọn nǹkan mìíràn tó nílò láti pín. Lórí jẹ́ẹ̀lì wa, SDS ti tú gbogbo wọn ká sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí áńtíbọ́dì tó rí wọn. Kókó méjì tí ìlà wọn dọ́gba lè ní PKM2 tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà méjì tó jìnnà síra.

Àdánwò tó kàn ti wà lórí tábìlì. Omi sẹ́ẹ̀lì tí a kò fi SDS kàn, phosphoenolpyruvate, ADP, lactate dehydrogenase àti NADH, nínú cuvette kan. Pyruvate tí PKM2 bá ṣe, lactate dehydrogenase á sọ ọ́ di lactate, á sì máa jẹ NADH lọ. A óò máa wo bí ìmọ́lẹ̀ 340 nm tí NADH ń gbà mu ṣe ń lọ sílẹ̀. A óò ṣe é lẹ́ẹ̀kan láìsí fructose-1,6-bisphosphate, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú rẹ̀, kí a sì fi TEPP-46, tó ń jẹ́ kí PKM2 so pọ̀ ní mẹ́rin, ṣe ẹ̀kẹta. A549 tí kò ní exon 10 ni yóò tún jẹ́ ẹlẹ́rìí níbẹ̀, torí pé PKM1 kì í dúró de fructose-1,6-bisphosphate kó tó ṣiṣẹ́, ìlà rẹ̀ lórí ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ yí padà nígbà tí a bá dà á sí i.